Ohun Tí Kóòṣì Kò Kọ́ Wọn

Kóòṣì ni gbogbo ayé ń pè é. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pàápàá, nígbà tó wà láyé, bó bá fẹ́ kó bu omi fún òun, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Kóòṣì, ṣé fèrè omi ò tíì dún ni?" Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, nínú gbogbo eré sì rèé, fọ́líbọ́ọ̀lù ni ọkàn rẹ̀ yàn. Pápá sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́yìn kíláàsì àwọn àgbà ni ààfin rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kun ìlà funfun rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Òpó irin méjèèjì ti dípẹtà nísàlẹ̀, ó sì ti rán àwọ̀n náà títí tí kò fi mọ ibi tí àwọ̀n àkọ́kọ́ kù sí mọ́.

Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì ga jù ú lọ. Bó bá kígbe lórí pápá, olùkọ́ tó ń kọ̀wé sójú pátákó ní kíláàsì kẹta á dá ọwọ́ dúró ná. Àwọn ọmọ ń bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìbínú rẹ̀ kì í pẹ́ lórí iná. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ẹ sáré, ẹ fò, ẹ tún un fò. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, kò sì rí ìdí tí yóò fi pààrọ̀ ohun tó mú òun gba ife ẹ̀yẹ nígbà èwe.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ mẹ́rin ni orúnkún wọn já lórí pápá náà. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀ ṣe rí. Ọmọ á fò sókè, á gbá bọ́ọ̀lù, á máa bọ̀ nílẹ̀, orúnkún kan á yẹ̀ sínú bí ìlẹ̀kùn tó yọ ní àgbékọ́, nǹkan á sì dún pó. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kóòṣì ní àlàyé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti àkọ́kọ́, òjò ló rọ̀ sórí pápá. Ti èkejì, bàtà ló tóbi jù ú. Ti ẹ̀kẹta, ó ní ọmọ náà kò sùn dáadáa mọ́jú. Ti ẹ̀kẹrin ló ṣòro jù láti ṣàlàyé, torí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bí.

Àgùnfọn ni wọ́n ń pe ọmọ yẹn lórí pápá, nítorí ọrùn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀. Bó bá dúró nídìí àwọ̀n tó nawọ́ sókè, àwọn ẹgbẹ́ kejì á kọ́kọ́ wo ara wọn. Lọ́jọ́ tí Kóòṣì fẹ́ mú un wọ ẹgbẹ́, ìyá rẹ̀ bi í pé, "Àbúrò mi, ṣé eré yìí ò ní ṣe ọmọ mi léṣe?" Kóòṣì fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó ní, "Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ yín, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe dá a padà."

Kò dá a padà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Àgùnfọn nígbà tí orúnkún rẹ̀ já, ó sì wú tó orí ọmọ tuntun. Dókítà ní okùn tó so eegun méjèèjì pọ̀ nínú orúnkún ló fà já, pé àfi kí wọ́n gbé e lọ sílùú mìíràn fún iṣẹ́ abẹ. Kí wọ́n tó rí àyè níbẹ̀, oṣù méje ti lọ. Wọ́n ṣe é, kò gún. Ẹsẹ̀ náà kò ká dáadáa mọ́ títí dòní.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí Kóòṣì sọ lọ́jọ́ ìjàǹbá náà ni ìtàn yìí dá lé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n wà, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó lójú láìsọ nǹkan kan, ìwò náà sì gbóná mọ́ ọn lára. Ó wá sọ pé, "Ọmọ yẹn ò fọkàn sí ohun tó ń ṣe. Mo sọ fún un títí, kò gbọ́." Ẹyin lọ̀rọ̀, ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó fọ́. Ìyá ọmọ náà mi orí, ó gbà á gbọ́. Ta ló mọ̀ nípa eré ju Kóòṣì lọ?

Ọdún mọ́kànlá ti kọjá lórí èyí. Àgùnfọn di obìnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá fáìlì ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú. Ìyá rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí òun àti Kóòṣì bá pàdé níbi ìpàdé ẹbí, á kúnlẹ̀ bó ṣe lè kúnlẹ̀ mọ, á ní, "Ẹ kú ilé, mà," á sì kọjá. Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tí a kí dáadáa kò lè sọ pé wọn kò kí òun. Ṣùgbọ́n Kóòṣì mọ̀ pé ọmọ tó ti máa ń sùn lórí itan òun ti tilẹ̀kùn, ó sì ti yọ kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tó di ọdún yìí ni orúnkún mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ báyìí, ọmọ kékeré kan tó gbóná tí wọ́n ń pè ní Ata-wẹ́ẹ́rẹ́, ń sọ pé iwájú orúnkún òun ń ro òun bí òun bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní tòótọ́, Kóòṣì kọ́kọ́ ní kó lọ fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lọ. Ó wá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ńlá náà, sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi ìdárayá tún ara ṣe, àwọn tí àwọn èèyàn ń pè ní físíò.

Físíò tó gbà wọ́n lálejò kò ju ọjọ́ orí àbíkẹ́yìn Kóòṣì lọ. Bẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé kan wà nínú yàrá rẹ̀, àti dígí kan tó ga tó èèyàn. Ó ní kí Ata-wẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ bàtà, kó fi ẹsẹ̀ kan dúró níwájú dígí, kó wá rọra tẹ orúnkún ba.

"Ẹ wò ó, mà," físíò sọ fún Kóòṣì.

Kóòṣì wò ó. Orúnkún ọmọ náà kò dúró lókè ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń yẹ̀ lọ sínú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí fún èkejì rẹ̀. Kóòṣì ti rí ìyẹsínú yìí lára ọmọ tí kò níye. Ó ti rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá ẹsẹ̀ obìnrin nìyẹn.

Físíò ní kí ọmọ náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kó gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, kó má jẹ̀ẹ́ kí òun rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìka méjì péré ló fi tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ náà wálẹ̀. Ata-wẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì múra ni. Wọ́n tún un ṣe, ó tún wálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín.

"Orúnkún ló ń dùn ún," Kóòṣì wí. "Kí ló kan ìbàdí níbẹ̀?"

"Àárín ni orúnkún wà, mà. Kò lè dá dúró. Iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí níbí yìí ló ń di itan mú, kó má baà yí wọlé bí èèyàn bá ń sáré tàbí tó bá fò tó ń balẹ̀. Bí iṣan yẹn bá rọ̀, orúnkún ló máa jẹ ìyà ohun tí kò ṣe. Àwa obìnrin tó ń ṣeré ló sì máa ń bá jù."

Kóòṣì sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹni tó bá fò, tó ń bọ̀ nílẹ̀, tí orúnkún wá yẹ̀ sínú, tó sì dún pó ńkọ́?"

Físíò gbójú sókè wò ó. "Ìyẹn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mà. Kì í ṣe ìbàdí nìkan. Ohun tó ń fà á pọ̀, mi ò sì lè búra fún ẹnì kan pé tirẹ̀ ò ní já. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń fún ìbàdí wọn lókun, tó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, àwọn tó ń já máa ń dín kù gan-an ni. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti mọ èyí?"

"Ó ti pẹ́, mà. Kí n tó wọ yunifásítì ló ti wà nínú ìwé."

Kóòṣì dúpẹ́, ó mú ọmọ ọlọ́mọ padà sílé. Kò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ata-wẹ́ẹ́rẹ́ rò pé òun ló ṣẹ̀.

Ohun tó gba gbogbo inú Kóòṣì ni àwòrán kan tó ń wá tó ń lọ: obìnrin tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó dá a lójú pé òun ti rí i rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ tó tò lórí ìlà, ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó ohun èlò eré sí. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kó ẹ̀wù ẹgbẹ́ tó ti ṣá jáde, ó kó ìwé àmì ayò jáde, ó kó bọ́ọ̀lù tó ti rọ jáde. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí i, ìwé pẹlẹbẹ kan tó ní ẹ̀yìn pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló fi ránṣẹ́ sí gbogbo olùkọ́ eré ìdárayá ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Ó rántí ọjọ́ tó dé. Yàrá àwọn olùkọ́ ló ti ṣí i. Ó rí àwòrán obìnrin yẹn, ó nà án sókè kí gbogbo wọn rí i. "Ẹ wá wo eré tuntun," ó wí lọ́jọ́ náà. "Ẹ̀ ń sùn, ẹ sì ń gba ife." Wọ́n rín in dáadáa. Olùkọ́ ìṣirò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ju ìwé náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó lọ sórí pápá, ó ní kí wọ́n máa fò.

Ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wà lẹ́yìn ìwé. Ó fi ìka kà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò nílò ìka. Ọdún kan àti oṣù méjì lẹ́yìn tí ìwé náà wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ni orúnkún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já.

Agogo ìtòlẹ́sẹẹsẹ dún, kò gbọ́. Olùkọ́ ìṣirò ló wá kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Kóòṣì, ṣé kò sí?"

"Kò sí," ó wí. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, láàárín àwọn ẹ̀wù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà á kó tó lè lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló mú Ata-wẹ́ẹ́rẹ́ lọ sọ́dọ̀ físíò láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, tó rìn dé ọ̀nà yàrá fáìlì, tó padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kanlẹ̀kùn.

Yàrá gígùn ni, kò ní fèrèsé. Fáìlì ló kún un láti ilẹ̀ dé òkè àjà, ó ń rùn bí bébà àtijọ́. Àgùnfọn wà nídìí tábìlì lórí àga gíga, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú lórí àpótí kékeré kan.

"Ẹ káàsán, mà. Ṣé ara ń ni yín ni?"

"Ara ò ni mí. Ìwọ ni mo wá rí."

Kò jókòó. Ó gbé ìwé náà ka iwájú rẹ̀, ó sì rò fún un: ohun tí físíò sọ, ọjọ́ tí ìwé dé, ẹ̀rín tí wọ́n rín. Kò fi iyọ̀ sí i, kò fi ata sí i. Àgùnfọn ń ṣí ìwé náà ní ewé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dúró.

"Wọ́n kọ ọdún sí i."

"Mo rí i."

"Mo sọ fún yín nígbà yẹn." Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ó fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀. "Mo ní ibí yìí máa ń rẹ̀ mí, pé ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí mo bá ń balẹ̀. Ẹ ní ọ̀lẹ ni. Ẹ ní kí n lọ sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Kóòṣì ti gbàgbé èyí. Bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ báyìí ló rántí. Ó tilẹ̀ rántí pé ọmọ náà sá a pé láìráhùn.

"Ẹsẹ̀ yìí ti mọ́ mi lára," Àgùnfọn ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ohun tí kò mọ́ mi lára ni Màmá mi. Òwúrọ̀ òwúrọ̀ ni wọ́n máa ń fi omi gbóná wọ́ orúnkún yìí fún mi, fún ọdún méjì gbáko. Bí wọ́n bá ti ń wọ́ ọ ni wọ́n á máa sọ ọ́: ká ní o gbọ́rọ̀ sí àǹtí rẹ lẹ́nu. Kì í ṣe pé wọ́n ń bínú. Wọ́n ń káàánú mi ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Títí wọ́n fi kú, wọ́n rò pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti ro ọjọ́ yẹn títí, kí n lè rí ibi tí ọkàn mi lọ."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní kí wọ́n bá òun wá fáìlì kan. Ó wà ní pẹpẹ òkè. Àgùnfọn sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó fi ọwọ́ gbá pẹpẹ mú, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ líle náà tẹ̀lé ara rẹ̀. Kóòṣì sáré síwájú láti bá a nawọ́ mú un.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Mo mọ bí mo ṣe ń ṣe é."

Ó mú ọ̀pá onírin kan tó ní kọ́ọ̀kì lẹ́nu, ó fà á wálẹ̀, ó fún nọ́ọ̀sì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí Kóòṣì.

"Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ nípa ìdáríjì. Ṣùgbọ́n bó bá ti ọkàn yín wá, ẹ wá sọ ọ́ fún Bàbá mi. Màmá ò sí mọ́. Bàbá ṣì wà."

Bíríkìlà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, etí rẹ̀ sì ti di. Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni Kóòṣì lọ. Bàbá jókòó sórí àga onírọ̀gbọ̀kú nítòsí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn láti rí àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Àgùnfọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Bùrọ̀dá, ọ̀rọ̀ orúnkún ọmọ yìí ni mo bá wá."

"Kí lo wí?"

Ó tún un sọ. Bàbá tẹ́ etí. "Orúkọ ta ni?"

Ohùn tó ti ń dá olùkọ́ dúró nídìí pátákó fún ọdún mẹ́tàlélógún, lọ́jọ́ yẹn kò jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá lo ohùn pápá.

"Mo ní ẹ̀bi mi ni, Bùrọ̀dá. Ọmọ yín ò ṣàìgbọràn. Ó sọ fún mi pé ara ń rẹ òun, mi ò gbọ́. Wọ́n fún mi ní ìwé, mi ò kà á. Irọ́ ni mo pa fún ẹ̀gbọ́n mi."

Ohùn náà dé ìta. Obìnrin ilé kejì tó ń sá aṣọ dá ọwọ́ dúró, aṣọ kan ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀. Kóòṣì rí i láti ojú fèrèsé, kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀ fúngbà pípẹ́.

"Bí ògiri bá là lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé," ó wí, "ọmọṣẹ́ á máa rẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá á lọ wo ìpìlẹ̀. Gbogbo ayé mi ni mo fi wo ìpìlẹ̀ ilé onílé. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi dé, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo gbà." Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ìyá rẹ àti èmi bá ọ wí lórí ohun tí o ò ṣe."

Ó na ọwọ́ sí i. Àgùnfọn kò wá. Ó kọjá lọ sí ilé ìdáná, Kóòṣì sì gbọ́ tó ṣí omi ẹ̀rọ. Omi náà ń dà, ó ń dà, kò sí ìró àwo kankan níbẹ̀. Bàbá kò gbọ́ ọ, àmọ́ ó mọ̀. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó dìde.

Láti ìgbà náà, nǹkan ti yí padà lórí pápá. Ìdajì àkókò wọn, orí ẹní làwọn ọmọ ń wà, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀. Àwọn olùkọ́ ń pè wọ́n ní ẹgbẹ́ olóorun, Kóòṣì kò sì bá wọn jiyàn. Wọ́n pàdánù ayò méjì àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì pè é lọ bi í léèrè. Orúnkún Ata-wẹ́ẹ́rẹ́ ti fúyẹ́ díẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ojú Kóòṣì kì í sí lára bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹsẹ̀ tó ń balẹ̀ ló ń wò, ó sì máa ń bi àwọn ọmọ léèrè pé ta ló gba àmì.

Ó wá àwọn mẹ́ta yòókù tí orúnkún wọn já kàn. Ọ̀kan ti kúrò nílùú, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọ̀kan ní kó má dààmú ara rẹ̀, pé orúnkún òun ló ń sọ fún òun bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Ọ̀kan gbọ́ ọ tán, ó sì rọra tilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń lọ jókòó ti Bàbá. Àgùnfọn á ṣílẹ̀kùn, á kí i, á gbé omi fún un, á sì wọ yàrá lọ. Àgùnfọn náà ti lọ rí físíò, ó sì ti sọ fún un pé orúnkún rẹ̀ kò lè padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n bí ìbàdí bá le, yóò bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù. Nítorí náà, bí àwọn àgbà méjèèjì bá jókòó sí pálọ̀, Kóòṣì máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀dì ń dún díẹ̀díẹ̀, Àgùnfọn sì ń kà lábẹ́lẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Nígbà mìíràn á dé méje, á dákẹ́, èémí rẹ̀ á sì máa dún. Kóòṣì á di ẹnu rẹ̀ mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àgùnfọn á tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.